Ata Nínú Kùnú Aláàwẹ̀

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ ń gbàdúrà pé kó tán.

Ìmọ̀ ìṣirò ni mò ń kọ́ ní yunifásítì ní Jos nígbà náà. Mò ń ṣèwádìí bí a ṣe lè ṣírò bí èrò ṣe máa pẹ́ tó lórí ìlà, àti bó ṣe ṣeé ṣe tó kí ẹ̀rọ dákú lójijì. Ọ̀dọ̀ àǹtí mi, ará Ìlọrin tó ní ilé ẹ̀rọ ìlọta ní àdúgbò Dilimi, ni mò ń gbé. Ẹ̀rọ méjèèjì tó wà níbẹ̀ ló ń rán mi nílé-ìwé. Bí àwọn oníbàárà bá fi lè sá, ẹ̀kọ́ mi ti parí nìyẹn.

Lóṣù ààwẹ̀, abọ́ ló máa ń tò níwájú ẹ̀rọ, àwọn tó ni abọ́ á ti wá ibòòji jókòó sí. Ìlà abọ́ méjì ni. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, àǹtí mi ní kí n bá òun di ibẹ̀ mú kí òun lọ kírun Alásàrí. Mo wò ó pé ìlà kan gùn, èkejì kúrú. Ìṣirò mi ní kí n da méjèèjì pọ̀, kí abọ́ tó bá kàn bọ́ sí ẹ̀rọ tó bá ṣófo. Ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, inú mi ń dùn ṣìnkìn.

Ohun tí n kò bi ẹnikẹ́ni ni ìdí tí ìlà fi jẹ́ méjì. Ẹ̀rọ kan wà fún ata, èkejì wà fún jéró tí wọ́n fi ń ṣe kùnú. Hajiya kan gbé abọ́ rẹ̀, ó rí i pé ata ti sọ jéró òun di pupa, ló bá da Hausa pọ̀ mọ́ Yorùbá.

“Wayyo! Malam, kí lo ṣe báyìí? Kùnú ni mo fẹ́ ṣe fa, kì í ṣe ọbẹ̀!”

Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, màá fọ ẹ̀rọ, màá lọ òmíràn. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ti wúkọ́, ló bá dákẹ́. Èkejì tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀, èmi yìí ni mo ti fi ìṣirò mú un dá àǹtí mi lójú pé méjèèjì ò lè dákú pa pọ̀. Nínú ìṣirò mi, ọ̀kan ò mọ èkejì rí, ohun tó bá ṣe ọ̀kan ò kan èkejì. Ṣùgbọ́n inú kẹ́ẹ̀gì kan náà ni mo ti bu dísẹ́ẹ̀lì fún wọn, omi sì ti wọ inú kẹ́ẹ̀gì ọ̀hún.

Oòrùn ń lọ, àwọn obìnrin ń pariwo. Àǹtí mi dé, ó wo abọ́, ó wò mí.

“Ẹ má bínú,” ló wí fún wọn. “Èmi ni mo ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.”

Tààwẹ̀tààwẹ̀ ló parọ́ yẹn! Ó ránṣẹ́ sí Bàbá Pam, ọmọ ẹ̀yà Berom tó ní ilé ẹ̀rọ tí wọ́n sì jọ ń du oníbàárà ládùúgbò. Bàbá náà kò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti bároò rẹ̀ wá, ó kó gbogbo abọ́ lọ sílé ẹ̀rọ tirẹ̀. Àǹtí mi fi jéró tuntun rọ́pò èyí tí mo bà jẹ́, gbogbo wọn sì rí nǹkan ṣínu.

Mo rò pé àǹtí mi máa lé mi. “Padà sí sukúù ẹ lọ́la,” ló wí. “Ṣùgbọ́n kó o tó tún nǹkan ṣe fún èèyàn, kọ́kọ́ bi í léèrè.”

Lónìí, èmi náà ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò yẹn, ìbéèrè sì ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Pam, mo sì dúpẹ́ jù lọ lọ́wọ́ àǹtí mi tó fi ẹnu ààwẹ̀ parọ́ nítorí mi. Ó ní òun ti tọrọ àforíjì irọ́ yẹn lọ́dọ̀ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ti kùnú, kí n lọ tọrọ ẹ̀ fúnra mi.