Ètè Kábíyèsí Wú, Ẹ̀wà Láwoyin Wọ Gbaga

Gón! Gón! Gón!

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ọmọdé Ìdí-Erèé, ẹ gbọ́! Àgbà Ìdí-Erèé, ẹ gbọ́! Ẹni tó ń sùn, kó jí! Ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́, kó dá ọwọ́ dúró, pàápàá bí ẹ̀wà bá wà nínú àwo rẹ̀! Ọ̀rọ̀ ẹ̀wà ni! Ọ̀rọ̀ ẹ̀wà ni!

Ètè Kábíyèsí Elérèé ti wú! Tòkè wú! Tìsàlẹ̀ wú! Láàárọ̀ àná, Kábíyèsí ń fi àkàrà mu ògì. Àkàrà kẹta kò tíì kọjá ọ̀fun tí ara fi bẹ̀rẹ̀ sí í yún wọn, tí ètè méjèèjì sì yọ síta bí ìrọ̀rí. Ni Kábíyèsí bá nàka sí abọ́ àkàrà, wọ́n kígbe: Ẹ̀wà! Ẹ̀wà! Ẹ̀wà! Gbogbo ìjòyè tó wà níbẹ̀ ló gbọ́. Nọ́ọ̀sì sáré dé, ó gún wọn lábẹ́rẹ́, oorun sì gbé wọn lọ. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó tún gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Ẹ sì mọ̀ pé ọba ìlú wa kì í sọ ohun tí ara wọn kọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá tó bí wọn nìkan ló mọ̀ ọ́n, ìyá ọ̀hún sì ti fi wá sílẹ̀.

Ta ló ni ẹ̀wà? Láwoyin ni! Láwoyin ọmọ Adégoróyè, àgbẹ̀ tí kòkòrò sọ oko rẹ̀ di ilé oúnjẹ. Ọdún dé, kòkòrò jẹ ẹ̀wà rẹ̀. Ọdún yí, kòkòrò kó àwọn ọmọ wá, wọ́n jọ jẹ ẹ́. Lọ́dún yìí ló wá gba irúgbìn tuntun lọ́wọ́ Dókítà Ìbídùn, onímọ̀ irúgbìn. Wọ́n ti tún àbùdá irúgbìn náà ṣe, wọ́n mú àbùdá ẹ̀dá mìíràn kún un: kòkòrò tó bá gé e jẹ, ó parí fún un! Ẹ̀wà so! Àká kún! Láwoyin jó yí àká rẹ̀ ká! Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ru agbọ̀n àkọ́so lọ sí ààfin, òun náà ni wọ́n sì fi ṣe àkàrà ọba. Oore ló ṣe, oore ló wá di ẹjọ́ sí i lọ́rùn.

Olóyè Aṣípa ló kọ́kọ́ dìde. Aṣípa tó fẹ́ràn ọba! Aṣípa tó gbé odidi kẹ́ẹ̀gì òróró ta ọba lọ́rẹ lọ́sẹ̀ yìí! Wọ́n ní ẹ̀wà tó lè pa kòkòrò, kí ni kò ní í jẹ́ kó pa ọba? Ìgbìmọ̀ ìjòyè mirí pé òótọ́ ni. Dókítà Ìbídùn ní kí wọ́n fara balẹ̀, pé àwọn ti ṣe ìwádìí kí irúgbìn tó dé oko, bóyá yóò di èèwọ̀ ara, ìyẹn oúnjẹ tí ara kọ̀, fún ẹnikẹ́ni. Ìwádìí! Bí àwọn ìjòyè ṣe gbọ́ ìwádìí, ojú wọn là. Ṣebí ìwádìí là ń ṣe kí á tó fi ọmọ fọ́kọ! Wọ́n ní kí Dókítà tún un ṣe lójú ìlú, kí àwọn jókòó tì í bíi bàbá ìyàwó. Nítorí náà, ẹ gbọ́ àṣẹ!

Àṣẹ kìn-ín-ní! Ẹ̀wà yóò sọ ilé baba rẹ̀! Àbùdá tí wọ́n fi sí i lára, ọmọ ta ni? Ṣé láti ìdílé ẹ̀pà ni? Ìdílé edé? Ìdílé ẹyin? A mọ àwọn wọ̀nyẹn, wọ́n máa ń da ara ọmọ ọlọ́mọ láàmú. Ẹni tó bá mọ ẹbí ẹ̀wà yìí tí kò wí, ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ni yóò fi gbá gbogbo ààfin!

Àṣẹ kejì! Wọn yóò wo ojú rẹ̀! Èròjà tuntun inú rẹ̀, wọn yóò gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọ̀daràn tí a ti mọ̀, àwọn èròjà tó ń mú ara yún. Bí imú bá jọ imú, kò sí ìgbéyàwó!

Àṣẹ kẹta! Wọn yóò po omi bíi ti inú ikùn sínú ife, wọn yóò ju èròjà náà sí i. Bó bá tètè yòrò, àlejò rere ni. Bó bá jókòó síbẹ̀ tó ń wo ojú onílé, ìfura dé! Ife la wí o! Ife! Kì í ṣe ikùn yín! Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ gbé ṣíbí dúró lẹ́nu ọ̀nà ààfin láti ìdájí, tí ẹ ní ẹ fẹ́ yá ìlú ní ikùn, ẹ máa lọ sílé! Ẹni tó bá tún padà wá, omi lásán ni yóò mu títí ọjà yóò fi tú!

Àṣẹ kẹrin! Ẹni tó bá jẹ oúnjẹ kan tí ara ń yún un, tí ètè ń wú, tí ọ̀fun ń fún, kó wá fún Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ọ̀daràn ti lù rí ló ń dá ọ̀daràn mọ̀. Èèwọ̀ ara la wí, kì í ṣe èèwọ̀ ìdílé! Ọkùnrin kan wá lánàá, ó ní oko àna ni èèwọ̀ ara tòun, pé bí òun bá ti rí ọkọ́ àna òun, ara a máa yún òun. Ìgbìmọ̀ ti dá a lẹ́jọ́. Ó ti wà lóko àna báyìí!

Bí ẹ̀wà bá jẹ̀bi, iná! Gbogbo ẹ̀wà inú àká, iná! Màrìwò ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn àká náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Láwoyin fẹ̀yìn ti ibẹ̀ láti àná. Kò jẹ. Kò mu. Nígbà tí akéde yín kọjá, ó fi ẹnu sí ihò ilẹ̀kùn, ó ń bẹ ẹ̀wà pé kó má bẹ̀rù, kó ṣáà sọ òótọ́. Ẹ̀rín fẹ́ pa akéde yín, àmọ́ àánú ọkùnrin náà ṣe é ju ẹ̀rín lọ. Ẹni tí kòkòrò ti jẹ lóko, kí ọba má tún wá sun ún nílé.

Ẹ dúró! Ẹ dúró ná! Ẹmẹ̀sẹ̀ ọba ló ń sáré bọ̀ yìí, ó ń mí gúlegúle! Ẹ jẹ́ kí akéde yín dẹ etí sí i...

Gón! Gón! Ẹ gbọ́ o! Ẹ tún gbọ́ o! Kábíyèsí ti jí! Ètè ti wálẹ̀! Kábíyèsí ti sọ̀rọ̀! Ohun tí wọ́n sọ, kì í ṣe ẹ̀wà! Ẹ̀pà ni! Ẹ̀pà! Ẹ̀pà! Ẹ̀pà! Ẹ̀yin náà, ẹ pa ètè dé, kí ẹ pe ẹ̀pà. Ó pé? Ẹ wá ṣe bí ẹni tí ètè rẹ̀ wú, kí ètè má kan ètè, kí ẹ tún un pè. Kí lẹ gbọ́? Ẹ̀wà! Ẹ ò rí i! Ètè kò pàdé, ẹ̀pà di ẹ̀wà lẹ́nu ọba!

Ẹ̀pà ni èèwọ̀ ara Kábíyèsí láti kékeré. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ti jẹ ẹ̀wà Láwoyin ní sísè, wọ́n bu kún un, wọ́n sì lá àwo, kò yún wọn níbì kankan. Àkàrà àná ni wọ́n fi òróró tuntun dín. Òróró kí ni? Òróró ẹ̀pà! Ta ló gbé e wá? A ò dárúkọ o! Àmọ́ Olóyè Aṣípa ti ń wá bàtà wọn.

Àṣẹ karùn-ún, láti ẹnu ọba fúnra wọn! Ìwádìí Dókítà dára, kó máa bá a lọ. Irúgbìn tuntun tó bá fẹ́ wọ ìlú, kó sọ ilé baba rẹ̀. Ṣùgbọ́n òróró náà yóò máa sọ tirẹ̀! Ẹni tó bá ń dáná fún ẹlòmíràn, kó wí ohun tó wà níkòkò. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ nǹkan, kó má fi pamọ́ mọ́. Kábíyèsí fi í pamọ́, ètè ló tú u. Kí màrìwò kúrò lẹ́nu àká, kí wọ́n so ó mọ́ ọrùn kẹ́ẹ̀gì!

Láwoyin, dìde! Ẹ̀wà rẹ kò jẹ̀bi! Ẹ̀yin tí ẹ wà nítòsí àká, ẹ gbé oúnjẹ fún un, ẹ sọ fún un pé kó yé bẹ ẹ̀wà, ẹ̀wà ti lọ sílé!

Bí wọ́n ṣe rán akéde yín ló ṣe jẹ́ ẹ. Ẹni tó gbọ́, kó wí fún ẹni tó wà lóko. Ẹni tí ètè rẹ̀ bá wú, kó nàka sí kẹ́ẹ̀gì!

Gón!