Ìkéde Pé Kí Gbogbo Ìgbólà Fárí Kí Ọjọ́bọ̀ Tó Dé

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o, ará Ìgbólà! Ẹni tó ń jẹun, kó gbé òkèlè kalẹ̀! Ẹni tó ń tẹ fóònù, kó sinmi ọwọ́! Ààfin ló ń sọ̀rọ̀ o!

Ẹ mọ̀ pé Ọjọ́bọ̀ ni àwa àti ará Ìtaṣà fẹ́ pín ilẹ̀ etí odò. Ẹ sì mọ̀ pé kò sí ìwé ilẹ̀ kankan lọ́wọ́ wa. Kò sí rárá! Ìdí nìyẹn tí Olóyè Adégòróyè, aṣojú Kábíyèsí lórí Wásáàpù, fi ní kí a má rán ikọ̀ sí wọn mọ́. Ikọ̀ ti di ayé àtijọ́. Irọ́ ni kí a rán. Kábíyèsí fọwọ́ sí i. Olóyè bá gbé e jáde pé Oníìtaṣà, ọba wọn, ti wàjà, kí ìpàdé ilẹ̀ lè di ẹ̀yìn ọdún mẹ́ta tí wọn yóò fi ṣọ̀fọ̀. Ọgbọ́n ńlá!

Irọ́ náà rìn o! Ó dé Ìlọrin, ó dé Kútọnu. Ní ọjọ́ kẹta, ó padà wọ fóònù Kábíyèsí fúnra rẹ̀, láti ọwọ́ àbúrò ìyá rẹ̀ tó wà ní Jámánì, pẹ̀lú àwòrán àbẹ́là àti ohùn obìnrin tó ń sunkún. Kábíyèsí ní: Tiwa kò ní àbẹ́là. Èyí á jẹ́ òótọ́!

Ó ṣe ọba láàánú dénú. Oníìtaṣà ló kọ́ ọ ní ìlúwẹ̀ẹ́ nígbà èwe. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ìtẹ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fárí kodoro bí àṣà ti wí. Àṣà ọ̀hún ló wá dá wàhálà sílẹ̀: ọba tó bá fárí fún ọba ti gbà pé àbúrò rẹ̀ ni òun, àbúrò kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bá ẹ̀gbọ́n du ilẹ̀. Ẹnìkan ti ya orí náà. Fọ́tò ti dé Ìtaṣà. Ó ń dán!

Nítorí náà, Kábíyèsí pàṣẹ!

Èkíní: tọkùnrin tobìnrin, ẹ fárí! Tọkùnrin tobìnrin! Bí gbogbo wa bá fárí, oge tó lòde ni, kì í ṣe ọ̀fọ̀. Ẹni tí a bá bá irun lórí rẹ̀ yóò máa ka gbogbo ohun tí Olóyè bá gbé jáde, sókè ketekete, fún oṣù mẹ́ta gbáko.

Èkejì: ẹni tó bá tún fi fọ́tò orí ọba ránṣẹ́, a ó gba fóònù rẹ̀, a ó fún un ní rédíò.

Ẹ̀kẹta: irọ́ yòówù tó bá wọ̀lú, kó kọ́kọ́ dé ààfin, kí a wò ó bóyá tiwa ni. Olóyè ti ń fi ẹfun sàmì sí tiwa. Ẹfun náà kò tíì mú lára fóònù.

Ẹ̀kẹrin: ẹ má gbé ìpè Oníìtaṣà. Ó ti pe ààfin nígbà mọ́kànlá láti àná. Ìgbólà kò ní bá òkú sọ̀rọ̀!

Ẹ̀karùn-ún le, ẹ fara balẹ̀. Oníìtaṣà fúnra rẹ̀ ti wà lẹ́nu géètì ààfin láti àárọ̀. Ó gbọ́ pé àbúrò òun sunkún òun títí ojú rẹ̀ fi wú, ó bá gbé fìlà wá fún un, kí oòrùn má baà pa á lórí. Ẹ má kí i o! Ẹ má fún un ní àga! Kábíyèsí ń wò ó láti ojú fèrèsé, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó fẹ́ sáré jáde lọ dì mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n Olóyè kò tíì sọ bóyá Oníìtaṣà wà láàyè.

Bẹ́ẹ̀ ni ààfin wí, bẹ́ẹ̀ ni akéde ké e. Ẹni tó bá gbọ́, kó lọ pọ́n abẹ o!