Ọ̀gágun àti Táyà Eléyín

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ohun tó yẹ ni ló yẹ ni, okùn ọrùn kò yẹ adìyẹ? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri ni. Bí ọmọkùnrin kan bá wọ ṣòkòtò tó fún un pinpin, ẹ ó ní okùn ọrùn kò yẹ adìyẹ. Bí ìyàwó olóyè bá kun ètè, okùn ọrùn kò yẹ adìyẹ. Kò sẹ́ni tó béèrè rí nínú yín pé adìyẹ ta ni, ta ló so okùn mọ́ ọn lọ́rùn, kí sì ni adìyẹ ọ̀hún ṣe fún un. Adìyẹ mi ni! Ọ̀gágun lorúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ní òwe náà ti wà kí wọ́n tó bí mi, kó jáde síbí, kó wá sọ orúkọ adìyẹ tirẹ̀ fún mi.

Àbúrò ọkọ mi ló fà á. Nígbà tí mo wọlé ọkọ ní Ẹfọ̀n, ọmọ ọwọ́ ni. Èmi ni mo ń pọ̀n ọ́n, ẹ̀yìn mi ló ń tọ̀ sí. Ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i kí n tó wọlé, ó ti di ọkọ mi nìyẹn. N kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Ajíṣafẹ́ ni mo sọ ọ́, torí pé láti kékeré ló ti fẹ́ràn afẹ́, bí mo bá sì fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, mo gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀. Òun ní tirẹ̀, "ìyàwó" ló ń pè mí, bí ẹni pé òun ló san owó orí mi.

Ajíṣafẹ́ lọ ra alùpùpù tòkúnbọ̀ kan ní Èkó. Kì í ṣe irú ọ̀kadà tẹ́ ẹ mọ̀ yìí o. Èyí sanra, ó ní gíláàsì níwájú tí kì í jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ lu èèyàn, ó ní àpótí lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹni tó fẹ́ fi eré lọ ọ̀nà jíjìn lórí ọ̀dà tó dán ni wọ́n ṣe é fún. Múráínà mẹkáníìkì yí i po, ó fi èékánná tẹ táyà rẹ̀, ó mi orí. Táyà iwájú ṣì dáa. Ti ẹ̀yìn ti jẹ pẹrẹsẹ láàárín, rọ́bà rẹ̀ sì ti gan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ ra táyà ní Adó," Múráínà wí. "Ti ẹ̀yìn yìí ti kú."

Nígbà tí Ajíṣafẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù, ó bá táyà lóríṣiríṣi. Ó rí èyí tó rọ̀ tó ń di ọ̀nà mú, ó rí èyí tó le tí kì í tètè jẹ, ó rí èyí tí wọ́n la ojú rẹ̀ kí omi òjò lè ráyè kọjá. Orí rẹ̀ dàrú. Ó tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí Múráínà pé èwo ni kí òun rà. Múráínà rò pé ó ti gbàgbé èyí tó kú nínú méjèèjì ni, ló bá dá a lóhùn pé: "Taya eyin ni e ra." Kò fi àmì kankan sí i. Ta ló ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ nínú fóònù?

Ẹ̀yìn ni Múráínà wí. Eyín ni Ajíṣafẹ́ kà. Mo tiẹ̀ dúpẹ́ pé kò kà á sí ẹyin.

"Èyí tó léyín ni mo fẹ́," ó wí fún onítáyà.

Onítáyà gbé ọ̀kan jáde tó rí gánnagànna bíi ti katakata. "Ẹ̀gbọ́n, ti inú ẹrẹ̀ lèyí o. Àwọn tó ń gun alùpùpù lọ sóko ló ń rà á. Irú tiyín yìí, ọ̀dà ló mọ̀."

"Ṣé ìwọ lo ni alùpùpù ni àbí èmi? Kó méjì wá! Ẹnu wo lo ti rí tó ní eyín òkè tí kò ní ti ìsàlẹ̀?"

Ẹ gbọ́ mi o! Ó bọ́ táyà iwájú tó dáa sọnù! Nígbà tó gbé e délé, Múráínà káwọ́ lérí.

"Ẹ̀yìn ni mo wí, ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀yìn!"

"Mo gbọ́. Mo ti fi eyín sí ẹ̀yìn, mo sì fi sí iwájú."

Táyà náà tóbi débi pé ó ń ha irin tó bò ó. Ajíṣafẹ́ ní kí wọ́n yọ irin náà kúrò. Wọ́n yọ ọ́, ìhòòhò ni táyà wà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti Ọ̀gágun. Àkùkọ gàgàrà ni. Ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ pupa bí epo, ó ń dán yanran. Wọ́n ń ṣe ìdíje ohun ọ̀sìn ní Àrámọkọ, ọdọọdún sì ni Ìyá Adélòyè ará Ìpólé ń gba ẹ̀bùn adìyẹ. Bó bá pàdé mi lọ́nà, á ní, "Ẹ kú ìfaradà o." Lọ́dún yẹn, mo mọ̀ pé ó ti tán fún un. Gbogbo ẹni tó rí ọrùn Ọ̀gágun ló ń ṣe hà. Mo ti ń fi àgbàdo tó dáa jù nínú ilé bọ́ ọ, ọkọ mi sì ń kùn pé òun ò rí irú rẹ̀ jẹ.

Ọkọ mi yìí náà ló ní kí Ajíṣafẹ́ gbé mi lọ. Mo gbé agọ̀ adìyẹ jáde, Ajíṣafẹ́ ní yóò ha ọ̀dà ara alùpùpù òun. Mo ní ká fi Ọ̀gágun sínú àpótí, ó ní adìyẹ ò gbọdọ̀ yàgbẹ́ síbi tí aṣọ òun ń gbé. A ò sì lè dè é lẹ́sẹ̀, torí àwọn adájọ́ kì í gba adìyẹ tí àpá okùn bá wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ni Ajíṣafẹ́ bá mú okùn, ó so ó mọ́ ọrùn Ọ̀gágun, ó so ìdí okùn náà mọ́ irin ẹ̀yìn alùpùpù, ó ní kí n gbé e lé itan.

Mo kúnlẹ̀. "Ọkọ mi, ẹ jọ̀wọ́, okùn ọrùn kò yẹ adìyẹ."

"Ewúrẹ́ ń lò ó. Ajá ń lò ó. Máníjà báńkì pàápàá ń lò ó. Gùn ún, ìyàwó."

A gbéra. Eyín táyà ń gbá ọ̀dà, ó ń hó wùùù bí ẹ̀rọ tó ń lọ ata. Gbogbo ẹran ara mi ń gbọ̀n. Ọ̀gágun fẹ́ kọ, ohùn rẹ̀ ń já: "Ké-ké-ké-ké-réé-ké!" Àwọn ará ọ̀nà ń fi wá ṣe ẹlẹ́yà. Táyà tí kò ní ìbòrí ń ṣa òkúta lù mí lẹ́yìn.

"Ọkọ mi, ẹ rọra!"

"Fọkàn balẹ̀, ìyàwó! Ó ń jẹ ọ̀nà ni!"

Nígbà tí a dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sí Ìtawúre, òjò dé. Ajíṣafẹ́ tẹ bíréèkì. Eyín wo ló fẹ́ bá a di ọ̀dà tútù mú? Alùpùpù yọ̀ tẹ̀rẹ́, ó fi ọ̀nà sílẹ̀, ó bọ́ sínú oko ẹ̀gẹ́ olóko. Mo ní ó ti parí. Àṣé ẹrẹ̀ ni táyà ọ̀hún ti ń wá látàárọ̀! Bó ti fojú kan ẹrẹ̀ báyìí, ó di ilẹ̀ mú, ó gbéra sọ. Ó ń gun ebè, ó ń fò ó, ó ń tú ẹ̀gẹ́ jáde lápá ọ̀tún àti lápá òsì.

Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí ọmọkùnrin yìí ń pariwo? "Ìyàwó! Ṣé o rí i pé eyín ló dáa?"

Ọ̀gágun kò lè fara dà á mọ́, ó fò kúrò lórí itan mi. Okùn dẹ̀, ó bọ́ sórí táyà, eyín táyà sì gbá a mú. Ó fà á fìì! Ojóbó gba orí àkùkọ mi yọ, gbogbo ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ bá a lọ, kò ku ẹyọ kan.

Síbẹ̀ Ọ̀gágun ò kú, a sì dé Àrámọkọ. Mo gbé Ọ̀gágun sórí tábìlì, èmi àti òun jọ kún fún ẹrẹ̀. Adájọ́ wo ọrùn rẹ̀ tó pá kodoro, ó wo ojú mi.

"Ìyá, ẹ má bínú. Ti adìyẹ là ń ṣe. A ò ní ti igún."

Gbogbo èrò orí pápá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n pe Ìyá Adélòyè kó wá gba ẹ̀bùn rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, omi bọ́ lójú mi, n kò ní parọ́ fún yín. Adájọ́ béèrè pé kí ló ṣe adìyẹ lọ́rùn. Kí n tó lahùn, Ajíṣafẹ́ ti nà jáde, ó ń nu gíláàsì ojú rẹ̀.

"Okùn la so mọ́ ọn. Ó tiẹ̀ yẹ ẹ́ gan-an ni. Adìyẹ yìí ni ò mọ okùn lò."

Orí eékún ni mo wà níwájú adájọ́. Mo dìde. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé ọkọ, orúkọ àbísọ Ajíṣafẹ́ ò tíì jáde lẹ́nu mi rí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, gbogbo Àrámọkọ gbọ́ ọ.

"Fámúrewá! Ohun tó yẹ ni ló yẹ ni! Okùn ọrùn kò yẹ adìyẹ!"