Fóònù Tí Mo Gbé Sápá Òsì

Ọjọ́ Sátidé kan wà tó jẹ́ pé bí mo bá gbàgbé orúkọ ara mi, n kò ní gbàgbé rẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo jáde yunifásítì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan, mo sì fẹ́ fẹ́ Folákẹ́. Ọ̀rọ̀ èmi àti Folákẹ́ ti yanjú, ti bàbá rẹ̀ ló kù. Ọmọ Èkìtì ni wọ́n, ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìntì, tó kọ́lé sí Ìgándò. Folákẹ́ ní bàbá òun kì í bá àlejò sọ̀rọ̀ nílé, inú ọkọ̀ ni wọ́n ti máa ń túra ká. Ó ní kí n wá gbé wọn lọ sí ìpàdé àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ní Ẹ̀gbẹ́dá, pé kí a tó débẹ̀, wọ́n á ti mọ irú èèyàn tí mo jẹ́. Òótọ́ ló sọ. Wọ́n mọ̀ mí.

Ẹni tó gbọ́n ì bá fọ ọkọ̀, kó ra epo, kó lọ sùn. Èmi, mo lọ kàwé. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mò ń wá ibi tó yẹ kí èèyàn gbé fóònù sí nínú ọkọ̀. Wọ́n ní kó má dí awakọ̀ lójú, mo bá yọ gíláàsì iwájú kúrò nínú ètò. Wọ́n ní kí oòrùn má sun ún, mo yọ orí dáṣíbọ́ọ̀dù náà kúrò. Mo wá pinnu, pẹ̀lú gbogbo ìmọ̀ tí yunifásítì fún mi, pé ẹnu ihò tí atẹ́gùn tútù ń gbà jáde ló dára jù. Fóònù mi á wà ní ihò apá òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn mi, kí n lè máa rí máàpù. Tábúlẹ́ẹ̀tì á wà ní ihò iwájú bàbá, kí wọ́n lè máa wo àwọn akọrin ìjọ títí a ó fi débẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni yóò rí irú àna bẹ́ẹ̀ tí kò ní fún un lọ́mọ?

Ọkùnrin kan tó ń ta ohun ọ̀ṣọ́ ọkọ̀ ní Akówonjò ló bá mi ṣe é. Ẹ̀ńjíníà ló ń pe ara rẹ̀. Ilé-ìwé tó ti gba oyè náà kò tíì hàn sí mi títí dòní. Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ó kìlọ̀ fún mi.

"Ọ̀gá, ọwọ́ ọ̀tún la máa ń gbé e sí o. Tó bá wà lápá òsì yẹn, wọ́n á já a gbà lójú wíńdò."

Mo ní kó fi mí sílẹ̀, mo ti kà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ nìyí: họ́dà tó yẹ kó di tábúlẹ́ẹ̀tì mú kò bá ihò náà mu rárá, kàkà kó sọ fún mi, gọ́ọ̀mù ló fi lẹ̀ ẹ́. Ó fi orí ìyá rẹ̀ búra pé gọ́ọ̀mù náà kò ní tú láéláé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, bàbá wọkọ̀ jókòó síwájú nínú aṣọ gínì funfun. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí òógùn fi bò wọ́n. Tábúlẹ́ẹ̀tì ti dí ihò pa, gbogbo atẹ́gùn tútù tó wà nínú ọkọ̀, fóònù mi ló ń fẹ́ sí. Bí mo ṣe ń bẹ̀ wọ́n, obìnrin inú máàpù ní ká yà sí ọ̀tún. Bàbá wò yíká.

"Ta nìyẹn?"

"Fóònù ni, sà. Ó ń júwe ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́dá fún wa ni."

"Kí ló dé tí o kò bi mí?"

Mo fi ọwọ́ òsì pa obìnrin náà lẹ́nu mọ́. Àsìkò yẹn gan-an ni àgbàlagbà kan, bàbá ìjọ wọn, dúró lẹ́bàá títì, tó juwọ́ sí wa. Ọwọ́ ọ̀tún mi wà lórí jíà. Ọwọ́ tó wà lára fóònù ni mo nà jáde lójú wíńdò, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Àgbà náà rọra sọ ọwọ́ tiẹ̀ kalẹ̀. Bàbá bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún.

Nígbà tó yá, Folákẹ́ pè. Bàbá ti gbàgbé fóònù tiwọn sílé. Ó ní kí n gbé fóònù fún bàbá òun kíákíá, ọ̀rọ̀ ìpàdé ni. Mo já a kúrò nínú họ́dà, mo nà án sí wọn. Ẹ sáà mọ ọwọ́ tí mo fi nà án.

"Ọwọ́ wo nìyẹn?"

"Ẹ má bínú, sà. Ibi tí họ́dà wà ló fà á."

"Ṣé họ́dà ló tọ́ ọ dàgbà ni?"

Mo sáré pa ọwọ́ dà. Níbi tí mo ti ń pa á dà ni ọkọ̀ ti já sínú kòtò. Ẹ̀ńjíníà kò purọ́ o, gọ́ọ̀mù kò tú. Ẹnu ihò gan-an ló ya kúrò lára dáṣíbọ́ọ̀dù, tòun ti họ́dà, tòun ti tábúlẹ́ẹ̀tì, ó bọ́ lu bàbá lórúnkún. Fóònù ti wọ abẹ́ ìjókòó lọ. Mo fẹ́ páàkì kí n wá a, bàbá fi ọwọ́ pa orúnkún, wọ́n ní, "Fi í sílẹ̀. Wa ọkọ̀."

Mo wa ọkọ̀. A dé gbọ̀ngàn Ẹ̀gbẹ́dá, àgádágodo ló kí wa káàbọ̀. Mo wá fóònù jáde lábẹ́ ìjókòó, mo pe Folákẹ́. Ohun tó fẹ́ sọ nìyẹn: wọ́n ti gbé ìpàdé lọ sí àdúgbò Pleasure. Ìgbà tí a fi débẹ̀, oore-ọ̀fẹ́ ìparí ìpàdé ni wọ́n ń pín. Wọ́n sì ti ṣèlérí tẹ́lẹ̀ pé ọjọ́ yẹn ni àwọn máa fi bàbá jẹ alága. Wọ́n ti fi ẹlòmíràn jẹ ẹ́, wọ́n ní ẹni tí kò bá yọjú, ó ní ohun tó ń sọ.

Mo gbé bàbá padà dé Ìgándò. Wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ tán kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ojú wíńdò.

"Ọkọ̀ rẹ dára. Gbogbo nǹkan lo wá àyè fún nínú rẹ̀, àfi èmi."

Lọ́jọ́ Ajé, mo kọ ẹ̀ṣẹ̀ Ẹ̀ńjíníà sínú ìwé, márùn-ún gbáko, mo kà á sí i létí ní Akówonjò. Ó gbọ́ ọ parí. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ ní ẹ ti kà á." Inú ń bí mi sí i títí dòní.

Mo rán ẹ̀gbọ́n bàbá mi, mo rán pásítọ̀, pé kí wọ́n bá mi bẹ bàbá. Bàbá gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n fún àwọn àlejò ní ohun mímu, àmọ́ wọn ò dárúkọ mi. Folákẹ́ dúró fún ọdún kan gbáko. Lẹ́yìn náà ni ọmọkùnrin Àkókó kan dé láti wá fẹ́ ẹ, tí kò ní ọkọ̀ kankan. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá ló fi gbé bàbá lọ sí ìpàdé, àwọn méjèèjì jókòó pọ̀ lẹ́yìn, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Mo gbọ́ pé kí wọ́n tó dé Ẹ̀gbẹ́dá, bàbá ti ń pè é ní "ọmọ mi."

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò pọ̀: kí èèyàn tó bèèrè ibi tí fóònù máa gbé nínú ọkọ̀, kó kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó fẹ́ gbé. Èmi kò ra họ́dà mọ́. Orí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi ni mò ń gbé fóònù mi sí báyìí, kò sẹ́ni tó ń jókòó síbẹ̀. Bí mo bá ṣèèṣì bojú wò ó, mo máa ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó korò bí ewúro.