Alàgbà Gbémiga àti Ìnṣọ́ránsì Àwọn Tó ń Sọdá Odò

Ẹ bá mi kí Alàgbà Olúwagbémiga, Àjànàkú owó-orí, a-gbowó-lọ́wọ́-ìjọba-bí-ẹni-já-ewé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Bowie, ní Maryland, tó o bá pè é ní Brọ́dà lásán, kò ní dá ẹ lóhùn. Kọ̀ǹpútà ló ń tún ṣe jẹun ní Virginia o, ṣùgbọ́n ó ti wo fídíò mẹ́ta lórí owó-orí, ojú ẹ̀ sì ti là ju ti gbogbo wa lọ.

Lọ́dún yìí, ó ní ẹni tó bá ń gbé Maryland, tó ń sọdá odò lọ ṣiṣẹ́ ní Virginia, arìnrìn-àjò ìlú òkèèrè ni lójú òfin. Nítorí náà, owó ìnṣọ́ránsì ìlera tí ibi iṣẹ́ ń yọ lára owó rẹ̀, ó lè fi dín owó-orí rẹ̀ kù. Òkèèrè wo ni Virginia, tí a ń rí láti etí odò? Igba dọ́là péré ló ń gbà lọ́wọ́ ẹnì kan láti bá a kọ fọ́ọ̀mù owó-orí rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àǹtí Èyíwùnmí náà san tiẹ̀. Opó ni, Laurel ní Maryland níbí ló ń gbé, àwọn arúgbó ló ń tọ́jú ní Virginia. Ó ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Tí irọ́ bá wà níbẹ̀, òun ni ìjọba máa mú, owó ilé gan-an sì ń ni ín lára.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó yẹ kí àwọn fọ́ọ̀mù náà lọ sọ́dọ̀ ìjọba, Alàgbà kó wọn jọ sórí tábìlì lẹ́yìn ìsìn. Túndùn, ọmọ Àǹtí Èyíwùnmí tó wà ní yunifásítì, dìde pẹ̀lú ìwé owó iṣẹ́ ìyá rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n ti yọ owó ìnṣọ́ránsì yìí kí wọ́n tó ṣírò owó-orí. Ṣé a tún máa yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì ni?”

Alàgbà rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí, ìwé ni wọ́n mọ̀, wọn ò mọ ìgbàgbọ́. Ó wá fa lẹ́tà kan yọ lápò. Ó ní ìjọba ló kọ ọ́ sóun lórí fọ́ọ̀mù tòun tóun ti fi ránṣẹ́ ṣáájú, òun ò tíì ṣí i, òun fi pamọ́ fún ẹ̀rí ni. Ẹ ṣáà mọ̀ wá: a kì í dá lẹ́tà ire ṣí nílé, iwájú ìjọ la ti ń ṣí i.

“Gbà, kà á sókè,” ló sọ fún Túndùn. “Kí ìyá ẹ gbọ́.”

Túndùn ń kà á lédè Gẹ̀ẹ́sì, Pásítọ̀ gba máìkì, ó ń túmọ̀ bó ṣe máa ń túmọ̀ ìwàásù.

“A ti yẹ ìwé rẹ wò,” ni Pásítọ̀ wí.

“Àmín!” ni ìjọ dáhùn.

“A rí i pé owó ìnṣọ́ránsì kan náà lo yọ lẹ́ẹ̀mejì. Wàá san ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là, pẹ̀lú owó ìtanràn.”

Màmá kan lẹ́yìn ti ṣe àmín kó tó gbọ́ ìyókù. Pásítọ̀ rọra gbé máìkì kalẹ̀.

Alàgbà ní àdánwò ni. Àǹtí Èyíwùnmí rìn lọ síbi tábìlì, ó wá fọ́ọ̀mù rẹ̀ rí, ó ká a sínú báàgì, ó sì na ọwọ́.

“Alàgbà, ẹ fún mi ní igba dọ́là mi.”

Kí a tó ṣẹ́jú, ìlà ti gùn látẹ̀yìn rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o: èmi ni ẹnì kẹrin.