Àga Àrán Àlùfáà Tuttle

Ní Ohio, láyé tí igbó ṣì pọ̀ ju ilé lọ, Àlùfáà Jótámù Tuttle ni olórí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Yàrá méjì àti ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ kan ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ọ̀hún, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó gbọ́. Ó ní àga alárán pupa kan tí wọ́n ń gbé tẹ̀lé e dé ṣọ́ọ̀ṣì. Arọ̀gbọ̀kú-sórí-àga! Ọ̀kín tí ń fi ìrù gbálẹ̀ ilé Olúwa!

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù: Ásà Crandall, olùkọ́ kékeré tí èèyàn ń rọ́ wá gbọ́ ìwàásù rẹ̀.

Ọdọọdún ni bíṣọ́ọ̀bù ń pín àwọn oníwàásù káàkiri. Ibi tó bá pè mọ́ ọ, ibẹ̀ lo ń lọ, kò sí àwáwí. Tuttle wá pinnu pé Irà Dúdú ni Ásà ń lọ, níbi tí yànmùyánmú ti pọ̀ ju ọmọ ìjọ lọ.

Nígbà tí ìpín ku ọ̀la, ó gun àga ìwàásù níwájú Bíṣọ́ọ̀bù Rudd.

"Ẹ̀yin ará, inú irà ni ojúlówó àpọ́sítélì ń gbé! Èmi gan-an, irà ni mò ń lá! Àga mi yìí, ẹ̀gún ni lábẹ́ mi!"

Ó bú sẹ́kún. Ó ń fi ojú kan sunkún, ó ń fi ìkejì ṣọ́ Ásà.

"Àmín!" ni gbogbo ìjọ ké. Bíṣọ́ọ̀bù, arúgbó tó ti darúgbó sórí ẹṣin, ń nu ojú. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹ̀rí tí omijé bá tẹ̀ lé, òótọ́ ni.

Nílé, Késíà ìyàwó Tuttle ní, "Bàbá Hírámù, ẹkún yìí mà ti pọ̀ jù o."

"Dákẹ́ jàre! Ìwàásù lo gbọ́, o ò gbọ́ ọgbọ́n inú ẹ̀. Bí irà bá ti di ibi ọlá lójú bíṣọ́ọ̀bù, ta ni yóò rán lọ bí kò ṣe Ásà?"

Lọ́jọ́ kejì, bíṣọ́ọ̀bù dìde. "Irà Dúdú..."

Tuttle ti ń rẹ́rìn-ín sí Ásà.

"...Arákùnrin Jótámù Tuttle! Olúwa ti gbọ́ ẹkún rẹ. Ásà á máa darí kọ́lẹ́ẹ̀jì."

"Baba, mo... mo kàn ń pòwe ni!"

"Tomijé-tomijé?"

Ìjọ ti gbé orin. Ẹnì kan ti fa ẹṣin dé ẹnu ọ̀nà. Késíà ki búrẹ́dì àgbàdo sínú àpò ọkọ rẹ̀.

"Ẹ ti da omi síwájú, Bàbá Hírámù. Ilẹ̀ tútù ló kù tí ẹ ó tẹ̀."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Bí irà bá gbẹ, mò ń bọ̀."

Tuttle gun ẹṣin. "Baba, ẹ ṣáà jẹ́ kí n gbé àga mi dání."

"Ẹ̀gún yẹn?" Bíṣọ́ọ̀bù di orí mú. "Ó tó gẹ́ẹ́, arákùnrin mi. O ti jìyà tó."

Ó yí àga náà síta, ó rọra jókòó sínú àrán, ó sì na ẹsẹ̀. "Jẹ́ kí n bá ọ jẹ ìyókù."