Ojú Idì àti Abọ́ Mi Tó Yọ Irorẹ́

Ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní ìsọ̀ kejì ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé abọ́ mi ti yọ irorẹ́.

Mo bi í pé ṣé orí rẹ̀ pé.

Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Fótò abọ́ funfun tí mò ń tà ni, èyí tí Ojú Idì wá yà nínú ìsọ̀ mi, tó sì fi ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo ọjà. Ojú Idì ni gbogbo wa ń pe onífótò tó ń gbé kámẹ́rà gbàǹgbà kiri, tí ẹnu rẹ̀ gùn bí ìbọn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ló gbà lọ́wọ́ mi kó tó tẹ nǹkan kan. Ìyá olóúnjẹ kan fẹ́ ra igba abọ́, àmọ́ ó ní òun á kọ́kọ́ rí fótò.

Fótò ọ̀hún dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó tún rí wínníwínní, bí ẹni da iyanrìn lé abọ́ lórí.

Ìyá olóúnjẹ sì ti fèsì: òun ò ra abọ́ tí wọ́n hú nílẹ̀.

Hú nílẹ̀. Abọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi nù.

Mo já wọ ṣọ́ọ̀bù Ojú Idì, atúnfóònùṣe tẹ̀ lé mi. Ojú Idì ní ìsọ̀ mi ló ṣókùnkùn. Mo ní torí òkùnkùn náà ni mo ṣe pe ẹni tó ní ojú idì, ká ní oòrùn ń ràn níbẹ̀ ni, fóònù ọmọ mi ì bá tó.

Atúnfóònùṣe rẹ́rìn-ín. "Màmá, èmi ni mo tún kámẹ́rà yẹn ṣe lọ́dún tó kọjá. Ojú tó fi ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú lọ́hùn-ún kò ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ. Ti kámẹ́rà gidi tó páálí ìṣáná. Nínú oòrùn, ẹ ò ní mọ̀. Tí ibi bá ti ṣókùnkùn, ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó rí gbà náà ló máa ń fipá fẹ̀, òun ló ń di iyanrìn yẹn."

Ẹ̀rín ń pa mí. Ara gbàǹgbà, ojú bíńtín.

Èmi tí mò ń ta abọ́, ta ló fẹ́ kọ́ mi nìyẹn? Gbé bàsíà àti ìdérí ìgò sínú òjò kan náà, kó o wá wo èyí tó o máa rí omi fọṣọ nínú rẹ̀.

Mo ní kó dá owó mi padà. Ojú Idì ní, "Màmá, díẹ̀díẹ̀ ni màá máa dá owó yín padà."

Mo ní, "Ojú kámẹ́rà ẹ kéré, ọwọ́ ẹ náà kéré."

Látìgbà tí baba àwọn ọmọ mi ti kú, kò tíì sí ẹni tó jẹ owó mi tó sùn dáadáa. Mo gbé bàsíà mi tó fẹ̀ jù, funfun báláú, sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ nínú oòrùn, mo jókòó tì í. Ẹni tó bá fẹ́ ya fótò á bi mí pé kí ni mò ń ṣe. Màá ní owó mi ni mò ń dúró dè kó rọ̀ sínú bàsíà.

Oníbàárà mẹ́ta pẹ̀yìn dà.

Inú bí Ojú Idì. Ó gbé kámẹ́rà, kẹ́ṣẹ́, ó ya èmi àti bàsíà, ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ọjà: ẹ wá wo obìnrin tí kò nítìjú.

Fótò náà mọ́ kedere. Ẹ lè ka ewú orí mi. Bàsíà ń dán yinrinyinrin.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyá olóúnjẹ ti pè. Ó ní ṣé igba abọ́ yẹn ṣì wà, kí n fi bàsíà mẹ́wàá kún un.

Lọ́jọ́ kejì Ojú Idì kó owó wá. Mo kà á. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ.

"Màmá, mo yọ owó fótò inú oòrùn kúrò."

Mo kàn gbé bàsíà, mo kọjú sí ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

N kò tíì rìn dé ìsọ̀ kejì tí ẹgbẹ̀rún méjì fi já sínú bàsíà.